Àsè Aláwọ̀ Ewé

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún Rọ̀kíbátù ọmọ Kélì ní àárọ̀ Sátidé yẹn pé omi yóò bọ́ lójú rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, ẹ̀rín ni ì bá fi dá onítọ̀hún lóhùn. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ti wọ gáùn aláwọ̀ ewé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, èyí tí ó fún un níbàdí tó wá tú yẹ́ẹ́ nísàlẹ̀ bí òdòdó. Ó ti to lẹ́ẹ̀sì funfun sí ọrùn. Ó wá dúró síwájú dígí títí Àǹtí Sèlíátù fi pariwo láti ẹ̀yìnkùlé.

"Rọ̀kí! Ṣé o fẹ́ wọnú dígí yẹn lọ ni? Bí dígí bá gbé ọ mì, ta ni Lùkúmàn yóò wá fẹ́?"

"Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, Àǹtí mi."

"Èmi kẹ̀? Ó tó gẹ́ẹ́! Èyí tí mo fẹ́ lọ́jọ́sí, mo ṣì ń wá ọ̀nà tí mo máa gbà dá a padà."

Àǹtí Sèlíátù ni àbúrò ìyá Rọ̀kíbátù. Òun ló tọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, òun ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ aránṣọ, òun nìkan ló sì mọ bí ọkàn ọmọ náà ṣe máa ń lù kìkì bí ó bá ti gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi láti èbúté Ìkòròdú.

Lùkúmàn Fàsásì ló ń wa ọkọ̀ náà, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Ọjọ́ tí Rọ̀kíbátù kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ rẹ̀, aṣọ ìyàwó kan tí ó rán ló ń gbé lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní àárín ọ̀sà, atẹ́gùn já gèlè mọ́ ọn lórí, ó gbé e jù sínú omi. Ẹ wá wo nǹkan! Lùkúmàn pa ẹ́ńjìnnì, ó yí ọkọ̀ po, ó ń lé gèlè kiri bí ẹni ń lé ẹja, àwọn èrò sì ń bú u pé ṣé orí rẹ̀ pé. Nígbà tí ó fa gèlè náà jáde tí omi ń ro tótó lára rẹ̀, ó gbójú sókè, ó rí irun ọmọbìnrin náà. Irun pupa rúsúrúsú ni, bí ewé tí ọyẹ́ ti mú. Ẹnu ya ọmọkùnrin náà. Ó rọra ṣí fìlà orí ara rẹ̀. Irun tirẹ̀ náà nìyẹn, pupa rúsúrúsú.

"Ìwọ náà?" ni Lùkúmàn bi í.

"Èmi náà."

"Bàbá tó bí ìyá mi ni. Òyìnbó ni."

"Tèmi, bàbá tó bí bàbá mi ni."

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún ara wọn nìyẹn, bí a bá lè pè é bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni àwọn ọmọ Ìkòròdú ti ń pe Rọ̀kíbátù ní "àfín tí kò jinná." Ó ti sunkún títí, ó ti kun tìróò títí, kò sí ohun tí ó yí padà. Wàyí o, ẹnìkan dé tí àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ ti pè bẹ́ẹ̀ rí, tí kò nílò àlàyé. Ó wí nínú ọkàn rẹ̀ pé ara ìgàn aṣọ kan náà ni Ọlọ́run ti gé àwọn méjèèjì, pé ó kàn ju ọ̀kan sí Ìkòròdú, ó ju èkejì sí Ẹ̀pẹ́, ó wá fi ọ̀sà sáàárín kí wọ́n lè máa wá ara wọn.

Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, Bísíríyù Kélì, kì í ṣe ẹni tí à ń fi ìfẹ́ nìkan bá sọ̀rọ̀. Wolé-wolé ìjọba ni kí ó tó fẹ̀yìn tì, ọkùnrin tí ó máa ń yẹ abẹ́ ìkòkò omi wò nílé onílé. Ọmọ kan ṣoṣo ni òun náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò. Ọjọ́ Iléyá, ojúde tirẹ̀ máa ń dákẹ́ nígbà tí ilé ẹlòmíràn bá ń ho.

Ó ti ní, "Sèlíátù, lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀jẹ̀ òyìnbó wà lọ́hùn-ún, ẹ̀jẹ̀ òyìnbó wà níhìn-ín. Wádìí dáadáa kí a má lọ fi ọmọ ẹbí fún ọmọ ẹbí."

Àǹtí Sèlíátù lọ. Ó béèrè bóyá wèrè wà níbẹ̀, ó béèrè bóyá ẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, ó béèrè ìwà ọmọ náà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ja àti lọ́wọ́ lèmọ́mù. Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni gbọ́ orúkọ Kélì rí. Wọn ò gbọ́ ọ rí. Ó tún jókòó ti ìyá àgbà ilé náà, Ìyá Kúlúsúmù, ẹni tí òyìnbó fẹ́ níṣu-lọ́kà, ó bi í pé, "Ìyá, kí lorúkọ ọkọ yín?"

Ìyá àgbà fọwọ́ bo ẹnu, ojú ń tì í bí ọmọge. Ó ní, "Apọ́nbéporẹ́ ni."

Bí Àǹtí Sèlíátù ṣe padà wálé jíṣẹ́ nìyẹn. "Ilé Apọ́nbéporẹ́ ni gbogbo Ẹ̀pẹ́ ń pe ilé wọn. Òyìnbó tiwọn kú sójú omi. Kélì tiwa sì rèé, ìlú rẹ̀ ló padà sí. Òyìnbó pọ̀ ní ọ̀sà nígbà yẹn bí edé, Bùọ̀dá mi. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Bàbá fọkàn balẹ̀. Ó kù kí àwọn ẹbí rí ara wọn.

Ibi tí Mísítà Dóláànì ti wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ẹnjiníà ni, òyìnbó gbọ̀ngbọ̀nràn tó ń ṣe títì lẹ́bàá Ìkòròdú. Ọmọ ilẹ̀ Áyáláńdì ni, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní Gẹ̀ẹ́sì. Òun àtàwọn ará ìlú rẹ̀ ní Èkó ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n fi ń ṣe ọdún Pátíríìkì Mímọ́, wọ́n á jẹ, wọ́n á mu, wọ́n á máa ka ìran wọn. Lọ́dún tí Ọbabìnrin Ìlú Ọba wá wo Nàìjíríà, ó pinnu pé Ìkòròdú ni àsè ọdún náà yóò ti wáyé, pé ẹnikẹ́ni tí ẹ̀jẹ̀ Áyáláńdì bá wà lára rẹ̀, dúdú ni o, funfun ni o, kí ó wá. Ọjọ́ tí ó gbọ́ pé wolé-wolé kan ń jẹ́ Kélì, ó bọ bàbá lọ́wọ́ títí fìlà bàbá fi já bọ́ sílẹ̀.

Rọ̀kíbátù ló gbọ́n jù. Òun ló sọ fún Mísítà Dóláànì pé, "Sà, ilé kan tún wà ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní òyìnbó tiwọn náà máa ń bínú bí wọ́n bá pè é ní Gẹ̀ẹ́sì." Ó ti rò ó jinlẹ̀. Níbi àsè, inú gbogbo ènìyàn yóò ti dùn. Bàbá òun yóò bá àwọn ará Ẹ̀pẹ́ jẹun lórí tábìlì kan, kí wọ́n sì tó kó àwo kúrò, àwọn ará Ẹ̀pẹ́ yóò ti tọrọ òun. Ó ti rí ara rẹ̀ lórí ìjókòó ìyàwó. Ó ti yan àwọ̀ aṣọ pàápàá.

Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n lò, lọ́sàn-án, kí àwọn tó wá láti ojú omi lè tètè padà. Gbogbo ibẹ̀ ni wọ́n fi aṣọ àti ewé tútù ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Olúkúlùkù há ewé kékeré mọ́ àyà. Lùkúmàn fi ọwọ́ mú ìyá àgbà rẹ̀ wọlé, ìyá rẹ̀ Mùlíkátù ń tẹ̀lé wọn, obìnrin pupa, alágbára, òǹtajà ẹja yíyan. Rọ̀kíbátù kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Ẹ kú ewu ọ̀nà omi."

Ìyá Kúlúsúmù gbá a lágbọ̀n mú, ó wò ó, ó tún wò ó. "Ọmọ yìí, ojú rẹ jọ ojú kan."

"Ẹ má dẹ́rù ba ìyàwó wa," ni Mùlíkátù wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lùkúmàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí i létí pé, "Lẹ́yìn oúnjẹ ni o. Ìyá mi ti há ọ̀rọ̀ náà sórí."

Wọ́n gbé ẹran àgùntàn àti ànàmọ́ òyìnbó wá. Ìyá àgbà na ìka sí àwo, ó kọjú sí akọ̀wé tó ń ṣe ògbufọ̀ fún Mísítà Dóláànì. "Súbérù, ìwọ akọ̀wé, béèrè lọ́wọ́ òyìnbó yìí kó búra. Ṣé kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀?"

"Àgùntàn ni, Ìyá. Àlùfáà Ìkòròdú ló dú u."

"Kí ló dé tí kò wá ní ata? Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀ wọ́n?"

Mísítà Dóláànì dìde, ó ń sọ̀rọ̀ bí òjò, Súbérù sì ń túmọ̀. "Ó ní Pátíríìkì Mímọ́ yìí ló lé gbogbo ejò kúrò nílùú wọn."

"Kó yà sí Ẹ̀pẹ́ tó bá ń padà lọ," ni Ìyá Kúlúsúmù fèsì. Àwọn tó gbọ́ Yorùbá rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Súbérù túmọ̀ rẹ̀, àwọn òyìnbó gbá tábìlì.

Lẹ́yìn náà ni Mísítà Dóláànì ní kí ìdílé kọ̀ọ̀kan gbé ohun tí bàbá ńlá wọn fi sílẹ̀ jáde. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ mú fèrè onírin tín-ínrín kan wá. Bísíríyù Kélì gbé férémù ńlá dìde, èyí tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. Fótò bàbá rẹ̀ ni. Láti ìgbà tí Rọ̀kíbátù ti gbọ́njú ni ó ti wà lára ògiri pálọ̀ wọn, òyìnbó onírùngbọ̀n tó jókòó sórí àga, tó fi fìlà bo ọwọ́ òsì lórí itan. Bàbá gbé e sórí tábìlì, ó tún ẹ̀wù ṣe, ó fa aṣọ náà kúrò.

Ìyá Kúlúsúmù dìde. Kò sí ẹni tó dì í mú. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó rìn dé iwájú tábìlì, obìnrin tí ó ń wá ẹni tí yóò fà á lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó dorí kodò.

"Ẹ káàbọ̀, Apọ́nbéporẹ́," ni ó wí. "Ẹ káàbọ̀, olówó orí mi. Ẹ mà pẹ́ lọ́nà o."

Ṣíbí kan já bọ́ níbì kan.

Bísíríyù Kélì ló kọ́kọ́ rí ohùn. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Òyìnbó máa ń jọra wọn lójú wa. Bàbá tèmi nìyí. Kélì ni."

"Èmi ò mọ Kélì. Ọkọ mi nìyí."

"Ìyá…"

"Ọmọ, ọwọ́ tó fi fìlà bò yẹn," ni ìyá àgbà wí láìgbé orí sókè, "ìka rẹ̀ tó kéré jù kò sí níbẹ̀. Okùn ọkọ̀ ló gé e. Èmi ni mo fi ewé dì í fún un. Ojú máa ń tì í, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i."

Rọ̀kíbátù wo bàbá rẹ̀, ó sì rí i tí ẹ̀jẹ̀ fi ojú bàbá sílẹ̀. Òun náà ti gbọ́ ìtàn ìka náà. Gbogbo ilé wọn ló mọ̀ ọ́n. Fótò kò fi hàn, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ọ́ síta rí, nítorí ìyá bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún wọn pé àléébù ọkọ òun kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta.

Àǹtí Sèlíátù fi ọwọ́ lé orí. "Mo bi yín, Ìyá! Mo jókòó tì yín lórí ẹní, mo bi yín pé kí lorúkọ ọkọ yín!"

Ìyá àgbà wò ó bí ẹni tó sọ̀rọ̀ ọ̀dájú. "Kí n wá pe ọkọ mi lórúkọ? Ta ló bí mi nírú ìbíkúbìí bẹ́ẹ̀? Orúkọ tí mo fún un lọ́jọ́ tí mo dé ilé rẹ̀ ni mo ń pè é. Òun ni àwọn ọmọ gbọ́ lẹ́nu mi, òun ni Ẹ̀pẹ́ gbọ́."

Òtítọ́ ni. Obìnrin wo ní ilẹ̀ yìí ló ń pe ọkọ lórúkọ? Wọ́n wádìí, wọ́n wádìí dé ibi tó yẹ, ṣùgbọ́n ìwà ọmọlúàbí obìnrin kan ti bo ọ̀nà náà mọ́lẹ̀ láti ọgọ́ta ọdún ó lé. Ọkùnrin tó sọ ní Ìkòròdú pé òun ń lọ sílé, tí ìròyìn ikú rẹ̀ lójú omi dé Ẹ̀pẹ́, ọkùnrin kan ṣoṣo ni. Ìlú méjì ló ti gbéyàwó, ó fi ọ̀sà sáàárín wọn.

Rọ̀kíbátù dúró. Ó ń ka á lọ́kàn bí ọmọ iléèwé tí ìṣirò ṣòro fún: bàbá mi, ọmọ Kélì. Ìyá Lùkúmàn, ọmọ Kélì. Bàbá mi àti ìyá rẹ̀, ọbàkan. Èmi àti òun… Ó dé ibẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè, bóyá yóò rí ibi tí òun ti ṣì í. Kò rí i.

Ohun tó tún ṣẹlẹ̀ ló wá fọ́ ọ pátápátá. Bàbá rẹ̀, wolé-wolé tí ẹnikẹ́ni kò rí omi lójú rẹ̀ rí, rìn yí tábìlì po. Ó dúró níwájú Mùlíkátù.

"Ọdún wo ni wọ́n bí yín?"

"Wọ́n ní mo ń rìn nígbà tí ogun Ìjẹ̀bú parí."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni yín nígbà náà," ni bàbá wí, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà tòun ti agbádá. "Ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní ẹ̀gbọ́n." Ó ń sunkún bí ọmọ kékeré. Mùlíkátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í, ó di orí rẹ̀ mú, òun náà ń sunkún. Ọ̀rọ̀ ìtọrọ ìyàwó tí ó há sórí, kò jẹ́ jáde mọ́.

Súbérù túmọ̀ fún Mísítà Dóláànì pé ìdílé méjèèjì, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Òyìnbó fò sókè! Ó pàtẹ́wọ́, ó ké sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìlú wọn pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Irú àsè báyìí kò ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ wọn rí. Ẹnikẹ́ni kò ráyè sọ fún un pé ó ku ẹni méjì tí kò kọrin.

Lùkúmàn fa Rọ̀kíbátù jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Rọ̀kí, gbọ́ mi. Ẹ̀sìn ò kọ̀ ọ́. Lèmọ́mù wa ti wàásù rẹ̀ rí, pé ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò lè fẹ́ ara wọn. Ó wà nínú òfin. Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀."

"Lèmọ́mù ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká…"

"O ti ń fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹbí tí à ń bọ̀wọ̀ fún, Lùkúmàn."

Òun náà kò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Èmi ò fẹ́ ẹlòmíràn," ni ó wí níkẹyìn.

"Èmi náà ò fẹ́."

"Ká wá kọjá lọ. Ọkọ̀ mi wà létí omi. Ká lọ bá lèmọ́mù kí ó so wá pọ̀ kí wọ́n tó kọrin tán. Wọ́n á bínú, wọ́n á dẹwọ́."

Rọ̀kíbátù wo ẹnu ọ̀nà. Ó rí ẹ̀yìn bàbá rẹ̀, tí ó ti jókòó sórí ilẹ̀ bí ọmọdé, tí ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú tí kò fẹ́ jù ú sílẹ̀. Ó rò ó wò. Lọ́jọ́ tí òun bá wọ ọkọ̀ yẹn, bàbá òun yóò tún di ọmọ kan ṣoṣo. Mùlíkátù kò ní lè wá sí Ìkòròdú mọ́, bàbá kò ní lè dé Ẹ̀pẹ́. Ẹnu ìlú á pa wọ́n. Lèmọ́mù lè so yìgì, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá wọn jó? Orúkọ wo ni ọmọ tí wọ́n bá bí yóò máa pe Mùlíkátù? Ìyá bàbá, tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá ìyá?

"Lùkúmàn, bí wọ́n bá mú bàbá mi padà sí ìdáwà nítorí mi, mi ò ní lè wo ojú rẹ."

"Ojú mi? Èmi ńkọ́? Ta ni yóò wo èmi lójú?"

Rọ̀kíbátù tún ewé àyà rẹ̀ ṣe fún un.

Ìgbà náà ni ohùn Sàlàkọ́ onífótò jáde láti inú gbọ̀ngàn. Mísítà Dóláànì ti ní kí ó ya ìdílé Kélì láti fi ránṣẹ́ sílé. "Gbogbo ọmọ Kélì! Gbogbo ọmọ Apọ́nbéporẹ́! Ẹ tò síbí o! Ìyá, ẹ jókòó sáàárín, ẹ gbé bàbá lé itan. Àwọn ọmọ ọmọ dà?"

"Bí o bá lọ dúró síbẹ̀," ni Lùkúmàn wí, "ó ti parí nìyẹn. O mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ ọ́n."

Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́ẹ̀sì ọrùn rẹ̀, ó wọlé. Ó lọ dúró sẹ́yìn bàbá rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé èjìká bàbá. Bàbá kò bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè, ó fi bo ọwọ́ ọmọ náà, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ti mọ̀. Láti ìgbà tó ti dọ̀bálẹ̀ ló ti mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n tó rí yóò gbà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

Wọ́n dúró. Wọ́n ń retí ẹnìkan.

Lùkúmàn wọlé nígbẹ̀yìn. Ó ti ṣí fìlà. Kò wo apá ibi tí Rọ̀kíbátù wà, ó gba ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ lọ, ó dúró sí ìpẹ̀kun ìlà.

Sàlàkọ́ yọjú láti abẹ́ aṣọ dúdú rẹ̀. "Bùọ̀dá, àlàfo yẹn ti pọ̀ jù. Ẹ súnmọ́ àbúrò yín. Ẹ jọra bí ìbejì, ẹ jẹ́ kí òyìnbó rí i!"

Kò sí ẹni tó mira nínú àwọn méjèèjì. Mísítà Dóláànì ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ júwe pé kí wọ́n súnmọ́ra.

"Fi wọ́n síbi tí wọ́n wà," ni Ìyá Kúlúsúmù wí, láìyí orí padà, ó di férémù mú gírígírí lórí itan. "Ya fótò rẹ."

"Ẹ rẹ́rìn-ín nígbà náà," ni Sàlàkọ́ wí, ó sì borí padà sábẹ́ aṣọ.

Rọ̀kíbátù la ojú rẹ̀ méjèèjì kedere sí ẹ̀rọ náà, kò ṣẹ́jú, kí omi inú wọn má baà dà kí ó tó ya á tán.